Òjò Orí Páànù, Òjò Orí Síléètì

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Old Trafford, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń múra àtilọ sí yunifásítì bi mí pé, "Daddy, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó rìtáyà?"

Mo ní òrùlé ni mo ń kàn.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Òrùlé? Ẹ kúrò ní Nàìjíríà, ẹ wọ bàálù, ẹ wá ń gun orí ilé onílé ní Manchester?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sì gbádùn rẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ọmọ burúkú. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí, fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò fi ọwọ́ mú.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Ìtòkò, iṣẹ́ káfíńtà ni mo sì kọ́. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, Bàbá Ògúnṣolá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbólóhùn kan ló fi kọ́ gbogbo wa: "Kàn án mọ́lẹ̀!" Bí a bá kan páànù sórí ilé tán, yóò gòkè lọ, yóò máa fi èékánná wá abẹ́ orí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí èékánná rẹ̀ bá lè wọ ibẹ̀, a ó tún gbogbo ìlà náà kàn. "Ìjì kò lọ́rẹ̀ẹ́," ni yóò wí, ó sì tọ̀nà. Ẹni tó bá ti rí i tí ìjì ká páànù kúrò lórí ilé bí ẹni ká ẹní kò ní bá a jiyàn. Orí ìgbì páànù ni ìṣó ń wọ̀, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, nítorí inú kòtò ni omi ń gbà. Rọ́bà kékeré ni à ń fi tẹ́ abẹ́ orí ìṣó náà, a ó sì lù ú títí rọ́bà yóò fi yọ síta díẹ̀ bí ètè ẹni tó ń bínú. Ogún ọdún ni mo fi ṣe é. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ju orí mi lọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Títí, ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Stockport, èmi sì tẹ̀lé e nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ó tó jẹ, ó sì tó fi ránṣẹ́ sílé.

Ohun tí n kò gbọdọ̀ fò ni àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ. Ìyá mi mú mi wọ yàrá rẹ̀, ó nàka sókè síbi tí páànù ti dípẹtà tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ihò mẹ́ta wọlé.

"Àkànní," ló wí, "mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kàn án. Ìwọ ni kí o padà wá kàn án."

Mo ní, "Ọdún méjì péré ni, Ìyá mi."

Ó gbé bàsíà kan sábẹ́ ihò náà, ó ní, "Ó dáa. Bàsíà yìí á máa dúró dè ọ́."

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Manchester ni pé òjò ibẹ̀ kò lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo jí láàárọ̀, mo ṣí kọ́tìnì, mo rí i pé títì ti rin gbindin, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo bi ìyàwó mi pé ìgbà wo ni òjò rọ̀.

"Ó ṣì ń rọ̀ lọ́wọ́, Bàbá Títí."

Mo na ọwọ́ síta. Òótọ́ ni. Òjò tó ń rọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni! Mo ra ìwé pélébé kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú òjò tí mo bá rí sínú rẹ̀, kí ọdún tó yí po, mo ti kọ mọ́kànlá. Ọ̀kan wà tí kì í bọ́ sílẹ̀ rárá, ó kàn ń so rọ̀ lójú ọ̀run títí wàá fi rìn wọ inú rẹ̀. Ọ̀kan a máa wá ní ẹ̀gbẹ́ láti ìhà Eccles bí ẹni tó ń wá nọ́ńbà ilé kiri. Ọ̀kan sì wà tí àwọn ará ibẹ̀ kì í kà sí òjò. "It's only spitting," ni wọ́n ń wí, pé ojú ọ̀run kàn ń tutọ́ ni. Mo gbádùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ òrùlé tí kò fọhùn yẹn, oorun kì í tètè kùn mí. Ariwo òjò lórí páànù ni mo fi dàgbà. Kò sí ohun tí mo ṣàárò rẹ̀ tó o, àní kò sí oúnjẹ kankan.

Ìwòkè ni mo fi rí iṣẹ́. Mo dúró sábẹ́ àkàbà ọkùnrin kan tó ń kan òrùlé, mo ń bi í ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó sú u, ó ní, "Bó o bá fẹ́ bi mí ní òmíràn, wá lọ́la, kí o sì wọ bàtà tó nípọn." Harold lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun.

N kò lè pe àgbàlagbà lórúkọ lásán. Mo ń pè é ní "Mr Harold, sir." Ó ní, "Sir wo? Ta ló fi mí joyè?" Mo ní Bàbá Harold ńkọ́? Ó bèèrè ohun tó túmọ̀ sí, mo sọ fún un. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀. "Bó bá jẹ́ pé èmi ni bàbá rẹ," ló wí, "èmi àti ìyá rẹ lọ́rọ̀ í sọ." Ṣùgbọ́n ó gbà á. Òun náà sọ Àkànní di Kanny. Bí kò bá sì pè mí ní Kanny, á pè mí ní "love", gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pe awakọ̀ bọ́ọ̀sì, obìnrin tó ń ta tíì, àti ajá aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò lè sọ nílé pé ọkùnrin kan ń pè mí ní olólùfẹ́.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òòlù. Èmi tí mo ti fi ogún ọdún kan òrùlé! Síléètì ló ní kí n máa ṣà. Ẹ̀yin tí bàbá yín àgbà fi síléètì kọ́ ìwé ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ti gbọ́ nípa rẹ̀. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ náà ni, wọ́n ń wà á nínú òkè ní Wales, wọ́n ń là á sí wẹ́wẹ́ bí ojú ìwé, òun ni wọ́n fi bo orí àwọn ilé àtijọ́ Manchester. Èyí tó nípọn ń lọ sísàlẹ̀ òrùlé, èyí tó fẹ́lẹ́ ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n kí o tó ya nínípọn kúrò lára fífẹ́lẹ́, o gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí i. Wàá fi ìka méjì gbé e rọ̀, wàá fi oríkèé ìka ọwọ́ kejì kàn án. Èyí tó yè á dáhùn *kán!* bí agogo kékeré. Èyí tó sán nínú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i, á dáhùn *pò*. Harold á kọ̀yìn sí mi, á máa mu tíì rẹ̀, á sì máa dá wọn lẹ́jọ́ láti ibẹ̀: "Dára. Dára. Sọ ọ́ nù. Dára. Ìyẹn náà, sọ ọ́ nù." Lọ́jọ́ kan mo bá a jiyàn lórí ọ̀kan. Ó dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó já sí méjì bí bisikíìtì. Ó padà sídìí tíì rẹ̀.

Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà ni pé wọ́n fi orúkọ àwọn obìnrin ọlọ́lá pe síléètì. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìnlélógún ní gígùn, méjìlá ní ìbú, Duchess ni. Ogún ní mẹ́wàá, Countess. Mẹ́rìndínlógún ní mẹ́jọ, Lady. Mo sọ fún Harold pé àwọn obìnrin wọ̀nyí nílò orúkọ gidi. Mo pe Duchess ní Ìyálóde, mo pe Countess ní Olorì, mo pe Lady ní Ìyàwó. Kí oṣù tó parí, ó ti ń kígbe láti orí òrùlé pé, "Kanny! Olorì mẹ́fà, Ìyàwó méjì!" Àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ a máa wòkè.

Mo ń lọ sí láíbìrì ní ọjọ́ Sátidé láti ka ìwé nípa òkúta. Mo ń rìn ní títì tí mo ń wòkè, débi pé mo fi orí gbá òpó iná lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Títí, àwọn èèyàn ń wá sí òyìnbó wá wo nǹkan, ẹ̀yin ń wo orí ilé wọn." Kò mọ ohun tí mò ń rí. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, láti orí òrùlé ní Stockport, mò ń rí àwọn òkè tó wà ní ìlà-oòrùn, yìnyín funfun lórí wọn, mo sì ń rántí pé òkè ni wọ́n bí èmi náà sí. Bí a bá sì ń ṣiṣẹ́ ní Old Trafford ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, a ó gbọ́ ariwo láti pápá kí rédíò Harold tó sọ pé bọ́ọ̀lù wọlé. Harold á yí sí mi, á ní, "Ẹnì kan ti gbá a sínú àwọ̀n." Àwa la kọ́kọ́ ń mọ̀.

Ní àkókò yẹn ni GSM dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ó ní àṣà kan tí ó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí òjò bá ti ń bọ̀ ní Ìtòkò, á fláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan. Èmi á fi káàdì pè é padà. Kò ní sọ̀rọ̀. Á gbé fóònù náà sókè síhà òrùlé, èmi á máa gbọ́ òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ á ní, "O gbọ́?" Màá ní, "Mo gbọ́, Ìyá mi." Ó tán nìyẹn, káàdì ti jó.

Ìyàwó mi ń wò mí. "Owó lẹ fi ń gbọ́ òjò, Bàbá Títí? Ẹ ṣí fèrèsé. Òjò wà níta lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọdún kẹta mi ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ilé opó àgbàlagbà kan la ń ṣe ní Eccles, ilé bíríkì pupa tó so mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlà. Orúnkún ń dun Harold ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ní kí n dá apá ẹ̀yìn òrùlé náà kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi mí sílẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ni mo fi ṣe é, ìlà kọ̀ọ̀kan gún bí okùn tí a fà. Harold gun àkàbà, ó wò ó, ó ní, "Kò burú, love." Kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tí kò lè rí ni ìṣó, nítorí síléètì tòkè ló ń bo ìṣó tìsàlẹ̀. Ó ti sọ fún mi pé a kì í kan síléètì mọ́lẹ̀, pé ṣe ló ń fi ara kọ́ sórí ìṣó bí fìlà ṣe ń kọ́ sára ògiri. "Jẹ́ kó mí," ló wí. Etí mi gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ni kò gbọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, afẹ́fẹ́ fẹ́ díẹ̀, ọkàn mi lọ sí ìjì ilé, mo sì ń kàn án mọ́lẹ̀, mọ́lẹ̀, títí orí ìṣó fi jẹ ihò síléètì lẹ́nu, tó fi sán díẹ̀.

Òtútù dé. Omi wọ inú àwọn ibi tó sán, ó di yìnyín, ó wú, ó là wọ́n. Ní ìparí oṣù kejì, afẹ́fẹ́ jà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Fóònù Harold dún. Ó tẹ́tí díẹ̀, ó sì gbé e sí mi létí kí n gbọ́ ọ fúnra mi. Ìyá opó náà kò pariwo. Ó ní, "Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o, ṣùgbọ́n síléètì yín kan ti wá sínú ọgbà mi, ó sì wà ní ìdúró."

Ó wà ní ìdúró lóòótọ́. Ó ti bọ́ láti òkè, ó gé okùn aṣọ já, ó wọlẹ̀ bí àdá, ìdajì rẹ̀ ló yọ síta. Ìyá náà wà níbẹ̀ nígbà tó bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa pègì aṣọ. Harold mú mi lápá, ó mú mi dúró síbi tí ìyá náà dúró sí, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀.

"Wọ̀n ọ́n," ló wí.

Mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n láti ipa ẹsẹ̀ náà dé ìdí síléètì. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta.

"Tún un wọ̀n."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní kí n wọ̀n ọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò lẹ́nu ọpẹ́. Ìyá náà gbé tíì jáde fún wa. Ó bi mí bóyá mo ń fi ṣúgà mu.

Nínú ọkọ̀, mo sọ fún Harold pé mo ń lọ sílé, sí Abẹ́òkúta, pé ọwọ́ mi kò bá ìlú yìí mu.

"Wàá lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n wàá kọ́kọ́ tú gbogbo rẹ̀, wàá tún un kàn. Lẹ́yìn náà, lọ síbi tó bá wù ọ́."

Mo tú u. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan wà tí à ń tì bọ abẹ́ síléètì bí idà, tí à ń fi fa ìṣó já láìrí i. Òun ni mo fi tú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta, Harold bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa kàn án bẹ́ẹ̀?" Mo ròyìn Bàbá Ògúnṣolá fún un, mo ròyìn ìjì, mo ròyìn rọ́bà abẹ́ ìṣó. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. Báwo ni páànù náà ṣe nípọn tó? Ìgbì mélòó ló ń gun orí ara wọn? "Òjò á máa pariwo lórí rẹ̀, àbí?" Bí ẹni pé ìyá mi gbọ́, fóònù mi fláàṣì. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ti dé sí Ìtòkò. Mo pè é padà, mo sì gbé e sí Harold létí. Ó tẹ́tí pẹ́. "Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń dín ẹja," ló wí. "Ẹ tún lè sùn nínú ìyẹn?" Mo ní ìyẹn gan-an ló ń mú wa sùn. Ó mi orí. "Ọ̀gá rẹ tọ̀nà nígbà náà," ló wí, "níbi tó wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lọ. Ìṣó kan náà, òòlù kan náà, ohun tó jẹ́ ọgbọ́n níbì kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá oníyàá níbòmíràn. Mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ délẹ̀. Síléètì tó wọlẹ̀ yẹn, mo gbà á lọ́wọ́ ìyá opó náà. Ó wà lórí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí.

Ọdún ń yí lu ọdún. Nígbà tí mo dé, àkàbà igi àti okùn ni a fi ń gòkè. Nígbà tó yá, irin ni wọ́n ń tò yí ilé ká, a ń de ara wa mọ́lẹ̀, a ń dé akoto. Ìbọn ìṣó dé, tó ń yin ìṣó bí ẹni ń tutọ́. Harold kì í fẹ́ rí i: "Kò lè gbọ́ nǹkan tó ń ṣe." Síléètì àtọwọ́dá dé, gbogbo wọn dọ́gba, gbogbo wọn sì ń dún *pò*. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ fi ẹ̀rọ tó ń fò yàwòrán orí ṣọ́ọ̀ṣì kan láìgun àkàbà. Mo dúró wò ó bí ọmọdé, mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí bátìrì rẹ̀ fi kú.

Harold rìtáyà. Káàdì ìpè kúrò, WhatsApp dé, ìyá mi sì ń fi òjò ránṣẹ́ sí mi bí ó bá ṣe wù ú. Ẹ ó bi mí pé, òrùlé rẹ̀ ńkọ́?

Mo lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó kan ilé. Tó o bá ń bọ̀ wá kàn án, wá nígbà òjò, kí o lè gbọ́ ohun tí o ṣe." Mo ní ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo máa ń bá òwe yẹn jà nínú ara mi, nítorí òtítọ́ tó korò ni pé àjò ń dùn mọ́ mi. Mo ń ṣàárò ilé lójoojúmọ́, mo sì ń jí láàárọ̀ pẹ̀lú ìdùnnú nítorí òrùlé tí mo máa gùn. Méjèèjì ń gbé inú mi pọ̀, wọn kò sì bára wọn jà. Bàsíà ìyá mi ló ń jìyà rẹ̀.

Ní ọdún kan, àkókò òjò dé, ìyá mi kò fi òjò kankan ránṣẹ́. Bí mo bá pè é, á ní òjò kò tíì rọ̀. Oṣù kẹfà wọlé. Àbúrò mi obìnrin, Bọ́lá, ló pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n má sọ o. Ìyá ti kó kúrò nínú yàrá. Pálọ̀ ni wọ́n ń sùn. Òjò ti gbà á. Lánàá, wọ́n yọ̀ ṣubú nínú omi náà."

"Wọ́n fara pa?"

"Ìgbáròkó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún yín, ẹ ó fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni, ní Stockport, òrùlé tí mo ti ń wò láti ìsàlẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án: síléètì rẹ̀ tóbi nísàlẹ̀, ó ń kéré sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan, títí èyí tó wà lókè fi dà bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Wọ́n ti gbé e fún mi. Mo lọ bá Harold nílé rẹ̀, mo sọ ọ̀ràn náà fún un. Mo rò pé á sọ pé kí n ṣe díẹ̀ kí n tó lọ. Ó wo orúnkún rẹ̀.

"Òrùlé yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá rẹ?"

Mo ní wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún.

"Kí lo wá ń mu tíì mi fún?"

Ìyá mi wà lórí àga ní ìloro nígbà tí mo dé. Ó ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń tàn. Mo kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn mí léjìká. "Dìde, orí àkàbà ni kí o lọ kúnlẹ̀." Mo ti gbèrò àtifi àjà tó nípọn sí yàrá rẹ̀, kó lè tutù, kó lè dákẹ́ bíi ti Manchester. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìwọ̀n. Ó jẹ́ kí n parí.

"Á dákẹ́?"

"Á dákẹ́, Ìyá mi. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan."

"Kí wá ni màá fi ránṣẹ́ sí ọ?"

N kò fi àjà sí i. Mo ra páànù tó nípọn, mo tú èyí tó dípẹtà, mo pààrọ̀ igi mẹ́rin tó ti jẹrà. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi kàn án, èmi nìkan, ní ọdún márùnlélọ́gọ́ta mi. Mo ṣe gọ́tà sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí Harold ṣe kọ́ mi. Ìyá mi padà sínú yàrá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi bàsíà náà sí àyè rẹ̀, kó lè wò ó bó bá wà lófìfo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò dé. Ó ti orí àpáta bọ̀ bí ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀. Mo jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Ó pa ojú dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀kán kan kò bọ́ sínú bàsíà. Inú ariwo tí mo fi ọdún méjìdínlógún ṣàárò rẹ̀ ni mo jókòó sí, ẹ wá wo ọkàn ọmọ ènìyàn: òjò wẹliwẹli ti Manchester ni mo rántí, èyí tó ń rìn wá láti Eccles láìfọhùn, àti Harold tó kọ̀yìn sí mi pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Mo pè é. Mo gbé fóònù sókè síhà òrùlé, bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe.

Ó tẹ́tí sí i.

"Kanny," ló wí, "nǹkan kan ń gbọ̀n níbẹ̀. Bí eyín ẹni tí òtútù mú. Ìṣó ni."

"Kò lè jẹ́ ìṣó, Bàbá Harold. Fúnra mi ni mo kàn án."

"Ìdí tí mo fi mọ̀ pé ìṣó ni nìyẹn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí páànù gbẹ, mo gòkè. Bọ́lá di àkàbà mú. Wọ́n gbé ìyá mi jáde kó lè máa wò mí. Mo fi èékánná wá abẹ́ orí ìṣó àkọ́kọ́. Ó wọlé. Mo lọ sórí èkejì. Ó wọlé. Gbogbo ìlà yẹn, àti ìlà tó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n kan náà ni mo fi fi wọ́n sílẹ̀, ní dídọ́gba, kí òrùlé lè mí bíi ti síléètì. Ìjì kan ṣoṣo ìbá ti ká a lọ. Mo jókòó sórí páànù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò lè dúró.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín lórí ilé mi?" ni ìyá mi kígbe.

"Ìyá mi, ọwọ́ mi ti di ará Manchester!"

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Sọ fún un pé ó ti délé."

Mo gbé òòlù. Ìṣó mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo tún kàn ní àárọ̀ yẹn, mọ́lẹ̀, títí rọ́bà fi yọ ètè. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi oríkèé ìka kan páànù náà, mo sì tẹ́tí.